Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ti Abẹ́òkúta: Ìtàn Ìgbésí Ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti

Àwa tí ń gbé Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa ohun tí owó orí lè dá sílẹ̀ láàárín ìlú. Bí ènìyàn bá dúró ní àdúgbò wa tí ó gbé ojú sókè, Gbọ̀ngàn Mápó ni yóò rí lórí òkè. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ wa wọ́ lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1968 nítorí owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ìtàn yìí kò tíì di ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà, àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta, ìlú tí ó múlé gbè wá, ti gbé ọ̀rọ̀ owó orí dé ẹnu ọ̀nà ààfin ọba wọn láìmú ìbọn tàbí àdá lọ́wọ́, wọ́n sì borí. Obìnrin tí ó ṣíwájú wọn ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ònkàwé wa.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Abẹ́òkúta a máa pè é ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe orúkọ tí a fi ń pe àkọ́bí obìnrin. Bí a bá kọ ọ́ sórí ìwé láìfi àmì sí i, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí orúkọ àdúgbò tiwa. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ àwáwí fún wa láti gba ìyá náà ní àlejò lónìí.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Daniel Thomas ni baba rẹ̀, ẹni tí ń dá oko tí ó sì ń ṣòwò epo. Ìyá rẹ̀ sì ń ránṣọ. Ìran baba rẹ̀ wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú nígbà ogun, tí wọ́n bọ́ sí Sàró, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ padà wá sí ilé pẹ̀lú ìwé àti ìgbàgbọ́. Nítorí náà, ilé tí a ti ka ẹ̀kọ́ sí ohun ọ̀wọ̀ ni a bí i sí. Nígbà tí Abẹ́òkúta Grammar School ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní ọdún 1914, orúkọ tirẹ̀ ni ó ṣíwájú nínú ìwé. Ní ọdún 1919 àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Wincham Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó gbé kọ́ orin, ìtọ́jú ilé, iṣẹ́ olùkọ́ àti èdè Faransé.

Frances ni orúkọ tí a fi ń pè é nígbà tí ó wọ ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó rí i ní ìlú àwọn òyìnbó bí a ti ń fi ojú tín-ín-rín ènìyàn nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì pinnu láti fi orúkọ àlejò náà sílẹ̀, kí ó máa jẹ́ Fúnmiláyọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé dání ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó di olórí àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1931. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ: Dolupo, Olikoye, Fela àti Beko. Àwọn méjì nínú wọn di oníṣègùn òyìnbó tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀, Fela olórin sì di ẹni tí a kò nílò láti ṣe àlàyé rẹ̀ fún ọmọdé.

Nígbà tí a gbé ọkọ rẹ̀ padà sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1932, ìyá yìí kó àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé jọ sí ẹgbẹ́ kan. Aya àwọn àlùfáà, àwọn olùkọ́ àti àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn a máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè àti ìwà tí ó yẹ ọmọlúàbí, wọn a sì máa ṣe ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Iṣẹ́ rere ni, kò sí ẹni tí yóò bú u. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tí ó jókòó sídìí ìgbá rẹ̀ ní Ìtòkú kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó ń dùn ún. Ọdún méjìlá ni ó fi rí báyìí.

Ní ọdún 1944 ni nǹkan yí padà, ohun kékeré ni ó sì yí i padà. Obìnrin ọlọ́jà kan fi hàn pé òun fẹ́ mọ ìwé kà. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ rò ó títí, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní ìlú tí ojú ń tì láti sọ ọ́ jáde. Ẹgbẹ́ náà bá dá ẹ̀kọ́ ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà. Àwọn tí wọ́n wá náà mú ìwé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mú ẹjọ́ wọn wá pẹ̀lú. Wọ́n sọ ti ìrẹsì wọn tí àwọn ènìyàn ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn ní ìgbà ogun Hitler, tí wọn kì í sì í san iye tí ó tọ́ fún wọn. Wọ́n sọ ti owó orí, àti bí a ṣe ń lé wọn kiri nítorí rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí ó wá kọ́ni ṣe wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí Wincham Hall kò kọ́ ọ, àwọn aláìmọ̀wé Abẹ́òkúta kọ́ ọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ní ọdún 1945, Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà tọ àwọn aláṣẹ lọ, wọ́n sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Láìpẹ́, gbígba ìrẹsì náà dáwọ́ dúró. Àwọn ọlọ́jà rí i pé ẹnu tí ó mọ èdè ìjọba wúlò, àwọn ọ̀mọ̀wé sì rí i pé láìsí ọjà lẹ́yìn wọn, ohùn wọn kò ju ti ẹnì kan lọ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní òkèèrè. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń hù bí olú, tí àwọn òtòṣì láti Ítálì, Jámánì àti ilẹ̀ mìíràn ń wọ́ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin kan wà tí í jẹ́ Jane Addams, ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ó kàwé. Ní ọdún 1889, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ellen Starr gba ilé kan tí a ń pè ní Hull House láàárín àwọn òtòṣì ìlú Chicago, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Ìwé àtàtà àti àwòrán ẹlẹ́wà ni wọ́n rò láti fi ran àwọn aládùúgbò lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò fi hàn wọ́n pé ibi tí ìyá lè fi ọmọ sí nígbà tí ó bá lọ sí ibi iṣẹ́ ni ó ká àwọn lára jù. Láti inú ìfetísílẹ̀ yìí ni wọ́n ti rí ohun tí ojú àwọn ọmọdé ń rí nídìí ẹ̀rọ. Florence Kelley, ẹni tí ó wá bá wọn gbé ní ọdún 1891, tọpa ọ̀rọ̀ náà débi pé ìjọba Illinois ṣe òfin ní ọdún 1893 pé kí a má fi ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́rìnlá ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ, kí obìnrin má sì ṣe ju wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ fagi lé apá ti wákàtí mẹ́jọ náà ní ọdún 1895, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò rí irú rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Abẹ́òkúta, kí a wo ọ̀rọ̀ owó orí láti ìpìlẹ̀. Ọdún 1918 ni a gbé owó orí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì wà lára ohun tí ó fa Ogun Adùbí ní ọdún náà, nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Ohun tí ó mú ti Ẹ̀gbá yàtọ̀ ni pé a kò ka obìnrin mọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin ń san ṣílè márùn-ún, obìnrin náà sì ń san ṣílè méjì ààbọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti di ẹni tí ń san án, nígbà tí ti ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn obìnrin fi ẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó-orí a máa wọ inú ilé, wọn a sì máa tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò bóyá wọ́n ti dàgbà tó. Ìyá wo ni yóò rí èyí tí inú rẹ̀ kì yóò ru?

Pẹ̀lú gbogbo owó tí wọ́n ń san yìí, kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná an. Ní ayé àtijọ́, Ẹ̀gbá ní Ìyálóde. Ta ni kò gbọ́ ìtàn Tinúbú? Ṣùgbọ́n òyìnbó kò wo ibẹ̀ nígbà tí ó ń to ìjọba. Aláké nìkan ni ó fi ṣe aláṣẹ ìbílẹ̀, ẹni tí ó ń tipasẹ̀ rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí ó bá fẹ́. Aláké Adémọ́lá Kejì, tí ó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1920, kì í ṣe aláìmọ̀kan ọba, ó sì ní iṣẹ́ rere tí ó ṣe fún ìlú rẹ̀. Ipò tí a gbé e sí ni ó burú: àṣẹ òyìnbó ni ó ń pa, òun ni ọwọ́ àwọn ará ìlú sì ń tọ́ka sí. Ọba tí kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́kun kò sí nínú àṣà Yorùbá.

Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé náà pa orúkọ rẹ̀ dà, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bákan náà. A ka àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ sí 20,000. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó sì ń wọ ìró àti bùbá, kí ìyàtọ̀ má baà sí láàárín òun àti àwọn ọlọ́jà. Yorùbá ni ó ń sọ ní ìpàdé. Bí àwọn òyìnbó aláṣẹ bá wà níjòókòó, kí wọ́n wá ògbufọ̀. Èyí lè dà bí ohun kékeré lójú àwa tí ń fi kálámù jẹun, àwa tí a máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn kí a lè mọ̀ pé a kàwé. Ṣùgbọ́n fún obìnrin elélùbọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn, ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba ní èdè tí ó yé e.

Ẹ má ṣe rò pé ariwo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n rán aṣojú lọ sí ààfin àti sọ́dọ̀ àwọn Ajẹ́lẹ̀. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n fi gba agbẹjọ́rò, wọ́n sì fi gba olùṣírò owó láti yẹ ìwé owó ìlú wò. Wọn kò sì béèrè pé kí a mú owó orí kúrò láìfi nǹkan dí i: wọ́n ní kí a bu owó lé àwọn ilé ìṣòwò ńlá ti òyìnbó, kí a sì fi obìnrin sínú ìgbìmọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé owó orí náà ń lọ sókè.

Ní àárín ọdún 1947, Bẹ́ẹ̀rẹ̀ bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá Mínísítà ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Níbẹ̀ ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ pé ìjọba òyìnbó ti sọ obìnrin ilẹ̀ wa di òtòṣì, pé ó ti gba ọlá tí ó ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ṣáájú rẹ̀, ó sì bí ọ̀pọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, àwọn obìnrin rẹ̀ ń dúró dè é.

Ìjọba kì í fẹ́ fún wọn láyè láti wọ́de. Nítorí náà wọn a máa pe ìwọ́de wọn ní àsè ìgbafẹ́, nítorí kò sí òfin tí ó ní kí obìnrin má jẹun pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kọ́ wọn bí a ti ń fi aṣọ bo ojú nígbà tí ọlọ́pàá bá ju tajútajú. Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù kọkànlá ọdún 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tí ó yí ààfin Aké ká. Wọ́n kọrin, wọ́n fi ọba àti owó orí rẹ̀ ṣe orin, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Aláké ṣe ìlérí pé a óò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì tú ká. Kò pẹ́ tí a tún fi mú àwọn kan nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé wọn kò san owó orí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá wọ́n padà wá, wọn kò sì kúrò títí di ọjọ́ 10, nígbà tí a tú àwọn tí a tì mọ́lé sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ń kà wá, ẹ̀yin mọ ohun tí èyí ná wọn. Ọjọ́ tí ọlọ́jà kò pàtẹ, kò sí ẹni tí yóò fún un ní owó oṣù. Tòmátì kì í dúró de ẹjọ́ kí ó tó rà. Owó oúnjẹ ọmọ ni wọ́n fi dúró ní Aké, kì í ṣe èyí tí ó ṣẹ́kù.

Ní ọdún 1948, a dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ náà wá yọwọ́ lẹ́yìn ọba, Aláké sì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Ọ̀ṣogbo. Ní oṣù kìíní ọdún 1949 ó kéde pé òun fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ètò ọba nìkan láṣẹ parí, ìgbìmọ̀ tuntun dé, obìnrin mẹ́rin sì jókòó nínú rẹ̀, Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ọ̀kan.

Ìbá dára bí a bá lè parí ìtàn níbí, ṣùgbọ́n ìtàn òtítọ́ kì í parí síbi tí ó dùn. Aláké padà sí orí ìtẹ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1950. Láìpẹ́, owó orí àwọn obìnrin náà padà, gẹ́gẹ́ bí òfin wákàtí mẹ́jọ ti Chicago ṣe wó lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ díje láti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1951, kò wọlé. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò fà á kalẹ̀ ní ọdún 1959, ó dá dúró, kò sì wọlé pẹ̀lú. Àwọn kan rò pé ó le jù, pé kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbà fún ẹlòmíràn, ó sì lè jẹ́ pé òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ti jẹ́ òpó lẹ́yìn rẹ̀, kú ní ọdún 1955. Nítorí pé ó rìnrìn àjò dé Ṣáínà àti àwọn ilẹ̀ Kọ́múníìsì, ìjọba kọ̀ láti sọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ dọ̀tun; Amẹ́ríkà pàápàá, ilẹ̀ Jane Addams, kò fún un ní ìwé àṣẹ láti wọlé.

Síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 1949 ni ó ti sọ ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta di ti gbogbo Nàìjíríà. Ó ń jà kí obìnrin gbogbo lè dìbò, títí kan àwọn ti ìhà Àríwá, tí wọn kò rí ẹ̀tọ́ náà gbà títí di ọdún 1976. Ní ọdún 1968, ọdún kan náà tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní Mápó, Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin dá a lọ́lá. Ní ọdún 1970 ni a fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Ikú rẹ̀ korò láti sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ya wọ ilé Fela ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sì sun ún níná. Ìyá arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Abẹ́òkúta ni a sin ín sí.

Kí ni a rí kọ́? Ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n fún ọdún méjìlá kò ṣí ìlú nídìí. Ọjọ́ tí ó fetí sí ẹni tí kò mọ̀wé ni ìwé rẹ̀ tó di ohun èlò. Àwa ọ̀mọ̀wé ìlú yìí fẹ́ràn láti máa wáàsù fún àwọn ọlọ́jà: a ní kí wọ́n gbá ìdọ̀tí, kí wọ́n rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n má pàtẹ sójú títì. Mélòó nínú wa ni ó ti jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Ọjà'ba láti gbọ́ tẹnu wọn?

Àwọn ìwé tí Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kó jọ, àwọn lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti orin àwọn obìnrin náà, kò jìnnà sí wa. Ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ni a tọ́jú wọn sí. Ọkọ̀ láti Bẹẹrẹ ń dé ibẹ̀. Kí ẹni tí ó bá mọ̀wé kà lọ kà wọ́n, kí ó sì wá kà wọ́n sétí ẹni tí kò lè kà.